Sọ́jà tí kò lo kòbókò

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi àpéjọ ìrántí olóògbé kan ní àdúgbò Ajílòsun, Adó-Èkìtì. Mo tún un kọ nítorí àwọn tí kò ráyè wá.)

Ẹ̀yin àgbà ìjòyè, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ̀yin sọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì tí ẹ dé bẹ́rẹ́ẹ̀tì yín wá, ẹ̀yin ọ̀dọ́, gbogbo ọmọ Èkìtì kete, mo kí yín. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ̀yìn Bàbá á dára o.

Ìdílé olóògbé bẹ̀ mí pé bí mo bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, kí n má fi orúkọ sí i. Mo gbà. Nínú gbọ̀ngàn yìí, bí mo bá ti ní "Bàbá Sọ́jà", kò sẹ́ni tó máa bi mí pé èwo nínú wọn.

Nínú ìwé ìpè tí ẹ tẹ̀, ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí "Akọni Ojú Ogun". Mo ti bẹ alága ìgbìmọ̀ kó jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ọdún 17 ni Bàbá fi ṣe sọ́jà. Lẹ́yìn tí wọ́n bọ́ káàkí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì ọdún kí ọlọ́jọ́ tó dé, àdúgbò yìí ni wọ́n sì lò ó sí. Síbẹ̀ gbogbo fọ́tò tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri níta, ti káàkí ni. Mi ò bá yín jà. Káàkí náà yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ìròyìn ikú wọn, ìbéèrè kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sọ pé "dìde" tí ọgọ́rùn-ún èèyàn á dìde, báwo ló ṣe wá di ẹni tó ń kó ìyá ọlọ́jà, fọkanáísà, akẹ́kọ̀ọ́ àti lọ́yà jáde láti kó gọ́tà, láìsí kòbókò, láìsí kọ́bọ̀?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ogun díẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ lè mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 6 oṣù Keje 1967, gbogbo ọmọ ogun Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Nígbà tó fi máa parí, wọ́n ti tó nǹkan bí 250,000. Inú kíláàsì, inú oko àti inú gáréèjì ni wọ́n ti rí àwọn tó kún un. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà ni ní 1968, wọn ò tíì pé ogún ọdún. Wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀, wọn ò sọ fún ìyá wọn. Ọ̀pọ̀ yín ló ní irú ìtàn yẹn nílé.

Ẹ̀ka àwọn ẹ́ńjíníà ni wọ́n fi wọ́n sí. Nínú ogun yẹn, afárá ni ẹni tó ń sá máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ kí ẹni tó ń lé e má bàa rọ́nà kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Biafra ṣe fọ́ afárá odò Ọya tó wà láàrin Asaba àti Onitsha ní oṣù Kẹwàá 1967. Iṣẹ́ irú àwọn Bàbá ni láti tún ọ̀nà ṣe, láti fi irin àti pákó di ibi tó já, láti wá ibi tí omi máa gbà. Bí ọmọdé bá ní kí wọ́n sọ ìtàn ogun, ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ àti kọ́fáàtì, ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì, ni wọ́n máa sọ. Á sú àwọn ọmọ, wọ́n á dìde lọ.

Ní 15 oṣù Kìn-ín-ní 1970 ni àwọn aṣojú Biafra wá jọ̀wọ́ ara wọn ní Dodan Barracks l'Ékòó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun lọ́jọ́ yẹn dípò 11 oṣù Kọkànlá tí a jogún lọ́wọ́ Òyìnbó. (Àwọn kan rò pé nítorí ìfipágbàjọba ti 1966 ni, torí pé 15 oṣù Kìn-ín-ní lòun náà bọ́ sí. Ọ̀tọ̀ ni tòun.) Bàbá dúró sínú iṣẹ́, wọ́n di sájẹ́ńtì, wọ́n sì wà lára àwọn tí Nàìjíríà rán lọ sí gúúsù Lebanon láti bá àjọ UN pẹ̀tù síjà láàrin 1978 sí 1983. Mo fi ti ogun mọ síbẹ̀.

Ìparí 1985 ni wọ́n fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà náà á rántí. Ìjọba Buhari àti Idiagbon ti bẹ̀rẹ̀ WAI (War Against Indiscipline, ogun tí wọ́n gbé ti ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́) láti oṣù Kẹta 1984: ẹ tò sórí ìlà, ẹ gbálẹ̀, ẹ má tọ̀ síta. Sọ́jà mú kòbókò dání, gbogbo wa sì ń tò gbọọrọ. Ní oṣù Kẹjọ 1985, wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ wọn. Ìmọ́tótó Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kò kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà nídìí rẹ̀ ti lọ. Kò pẹ́ tí Sátidé ọ̀hún fi di ọjọ́ tí a ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí sùn di aago mẹ́wàá. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì tí kò sí mọ́tò.

Ẹ sì mọ bí Adó ṣe rí. Òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ìlú yìí. Òjò tó bá rọ̀ láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, ìsàlẹ̀ ló ń sáré bọ̀, sínú Ajílòsun, sínú Ùrèjé. Bí gọ́tà bá dí, àárín ilé ni omi ń gbà. Ọ̀rá piọ́ wọ́tà ló burú jù, torí kì í jẹrà, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu kọ́fáàtì bí ìgbà tí èèyàn fi àkísà dí ẹnu ìgò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Bàbá ṣe ń kó gọ́tà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Láago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀, ẹ ó ti máa gbọ́ ìró ṣọ́bìrì wọn lórí kọnkéré. Igi ṣọ́bìrì náà ti sán. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gé tín-ín-rín, tí wọ́n fi dì í yípo. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ níwájú ilé tiwọn. Ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí gọ́tà ti ń já sódò, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá máa bọ̀ lókè díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, òkè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé òkè ni ilé àwọn olówó wà. Gbogbo ìdọ̀tí tí wọ́n bá tú níbẹ̀ á bá omi lọ dí ẹnu ọ̀nà ẹni tó wà nísàlẹ̀. Bàbá ní ẹni tó bá ti òkè bẹ̀rẹ̀ kò kó gọ́tà, ó kàn fi ìdọ̀tí ránṣẹ́ sí aládùúgbò ni. Wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹrẹ̀ tí wọ́n kó jáde sùn létí gọ́tà. Ẹ lọ wò ó káàkiri ìlú yìí: wọ́n á kó o jáde, wọ́n á wọ́ ọ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òjò kan ṣoṣo á dá a padà sínú. Bàbá fi owó ìfẹ̀yìntì wọn ra bárò. Ọjọ́ yẹn náà ni ẹrẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀.

Ó wá ku ti èèyàn. Wọ́n ní ìwé kan, irú èyí tó ní èèpo líle tí àwọn ọlọ́jà fi ń kọ gbèsè. Orúkọ ẹni tó wá nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tí kò wá, wọn kì í kọ ọ́ síbì kankan. Nírọ̀lẹ́ wọ́n á yà sílé rẹ̀, nígbà tí fóònù sì dé, wọ́n á pè é: "Mi ò rí ọ láàárọ̀. Ṣé ara yá?" Ìbéèrè gidi ni wọ́n ń béèrè o. Bí ara ò bá yá, wọ́n á wá nǹkan ṣe sí i. Bí ara bá yá, ẹni náà á máa kálòlò, á wá irọ́ kan sọ, Bàbá á ní, "Ó dáa, ó di oṣù tó ń bọ̀." Ẹ bi ẹni tó bá ti gba irú ìpè yẹn rí. Kòbókò á dùn, á sì tán. Èyí kì í tán lára bọ̀rọ̀.

Ìpàdé àdúgbò kan wà tí ariwo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé lọ. Àwọn kan dá a lábàá pé kí ẹni tí kò bá jáde máa san ₦500. Bàbá dìde, wọ́n ní àwọn ò fara mọ́ ọn. Ẹnu yà wá, torí gbogbo wa rò pé sọ́jà ló yẹ kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìyà. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá san owó ìtanràn ti ra ìsinmi rẹ̀." A dìbò, a borí wọn. Ẹ wá wo nǹkan! Kò pẹ́ rárá tí àwọn onílé alájà fi ń san ₦500 kí Sátidé tó dé, wọ́n ń fi rán gétímáànù. Ojú tó ń tì wọ́n tẹ́lẹ̀ kò tì wọ́n mọ́. Wọ́n ti sanwó, kí la tún fẹ́ lọ́wọ́ wọn? Nígbà tó yá, àwọn tí kò ní ₦500 nìkan ló ń di ṣọ́bìrì mú, àwọn náà sì wò ó pé wọ́n ti sọ àwọn di lébìrà. Ìwé náà ló wà lórí tábìlì yẹn. Ẹ ṣí i sí àsìkò tí mò ń wí, ẹ ó rí ojú ewé tí orúkọ tó wà níbẹ̀ kò pé márùn-ún. Ìpàdé míràn la fi pa òfin náà rẹ́. Bàbá kò ní "mo sọ fún yín". Wọ́n kàn béèrè ẹni tí bárò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń ro èyí ni mo ti rántí sọ́jà tó lókìkí jù nínú àwọn ọmọ Adó, Adékúnlé Fájuyì. Gbogbo wa la mọ ìparí ìtàn rẹ̀: Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà nígbà náà, jẹ́ àlejò rẹ̀ n'Ibadan, àwọn sọ́jà wá mú àwọn méjèèjì, wọ́n sì pa wọ́n ní 29 oṣù Keje 1966. A mọ̀ pé ó gba Military Cross nítorí ohun tó ṣe ní Kóńgò. Èyí tí àwọn èèyàn kì í sábà dárúkọ ni pé ní 1951, nígbà tó ṣì jẹ́ sájẹ́ńtì, wọ́n fún un ní British Empire Medal nítorí pé ó wà lára àwọn tó pa iná ọ̀tẹ̀ tó ràn nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó wà. Oúnjẹ ló fa ọ̀tẹ̀ náà. Èmi fẹ́ràn àmì-ẹ̀yẹ yìí ju ti Kóńgò lọ. Ẹni tí ebi ń pa, tó tún mọ ìbọn yìn, ta ló lè bá a sọ̀rọ̀ kó gbọ́? Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ sájẹ́ńtì sì rí. Ọ̀gá àgbà ń pàṣẹ látòkè. Sájẹ́ńtì ló wà láàrin àwọn ọmọ, òun ló mọ ẹni tí kò sùn mọ́jú, ẹni tí bàtà ń bó lẹ́sẹ̀, ẹni tí lẹ́tà burúkú dé bá láti ilé. Tí ẹ bá ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo bi lẹ́ẹ̀kan, tèmi rèé: iṣẹ́ sájẹ́ńtì ni Bàbá gbé wálé. Àwa la ń wo kòbókò, tí a rò pé òun ni iṣẹ́ ogun.

Ẹ rántí 29 oṣù Kìn-ín-ní 2024. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n pa ọba Èkìtì méjì lójú ọ̀nà, ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Emùré. Ara gbogbo ìlú gbóná. Àwọn ọ̀dọ́ kóra jọ, wọ́n lọ bá Bàbá pé kí wọ́n kọ́ àwọn ní ìbọn yíyìn. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ìbọn ní àwọn tó ni ín, ọlọ́pàá wà, Àmọ̀tẹ́kùn wà. Wọ́n ní kí wọ́n lọ mú àdá, wọ́n kó wọn lọ ṣán igbó tó ti bo kọ̀nà lójú ọ̀nà oko tí awakọ̀ kò fi rí iwájú. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù ara wọn sórí bébà, kí kálukú lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, torí bátìrì lè kú lóru. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ kan. Wọ́n ní Bàbá ti darúgbó, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Èmi ò rò pé ẹ̀rù ni. Ẹni tó ti rí ohun tí ìbọn ń ṣe lọ́wọ́ ọmọ ogún ọdún, ọ̀tọ̀ lohun tó ń rí.

Ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fi tọrẹ ní ilé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ti sọ ọ́ tán. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ gba nọ́ńbà wọn kí ẹ tó lọ.

Bàbá kì í ṣe áńgẹ́lì o. Orí kunkun wọn pọ̀. Bí ẹ bá pẹ́ sípàdé, wọ́n á dákẹ́ títí ẹ ó fi jókòó, gbogbo ojú á sì wà lára yín. Ọ̀rọ̀ bárò tí ẹnì kan kò dá padà lásìkò mú kí wọ́n yan ẹni náà lódì fún ìgbà pípẹ́, ẹni náà sì wà níbí lónìí, ó ń rẹ́rìn-ín. Àbíkẹ́yìn wọn sọ fún mi pé òun máa ń jowú gọ́tà nígbà tóun wà lọ́mọdé, torí gọ́tà ń rí bàbá òun lọ́jọ́ Sátidé, òun kò rí wọn. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìyẹn náà, ká má fi ariwo ìyìn bò ó.

Ìyá tiẹ̀ wà. Ẹ wò wọ́n níbi tí wọ́n jókòó sí. Ní gbogbo Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ìkòkò ẹ̀wà ńlá kan ti wà lórí iná kí ilẹ̀ tó mọ́. Aago mẹ́wàá, gààrí, ẹ̀wà, ata díndín. Ta ló ń ra ẹ̀wà? Owó ọjà tí Ìyá ń tà ni. Mo yẹ ìwé orúkọ yẹn wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò rí orúkọ Ìyá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti sọ fún akọ̀wé pé kó kọ ọ́ síwájú ìwé, kó fi bírò pupa kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyàwó sọ́jà gbọ́ dáadáa. Nígbà tí ọ̀rẹ́ Bàbá kan kú, tí àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́, opó rẹ̀ dé ọ́fíìsì kan pẹ̀lú omijé lójú, wọ́n sì ní orúkọ rẹ̀ kò sí nínú fáìlì. Orúkọ ìyá olóògbé, tó ti kú tipẹ́, ló ṣì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó máa gba owó rẹ̀. Ọkọ kàn gbàgbé láti pààrọ̀ rẹ̀ ni. Lọ, padà wá, lọ, padà wá. Bàbá ló ń bá obìnrin yẹn rìn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lọ láti ilé dé ilé lọ́dọ̀ àwọn sọ́jà àtijọ́, wọ́n á ní, "Ẹ gbé ìwé yín wá kí n rí i." Wọ́n máa ń sọ pé ìwé ló ń gba owó, ojú àpá kò gbà á. Nítorí náà, ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí ọkọ yín ṣì wà láyé, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn lónìí: níbo ni ìwé tí wọ́n fi jáde kúrò nínú iṣẹ́ wà? Orúkọ ta ló wà nínú fáìlì? Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ síbì kan náà, torí iná ń jó, omi ń wọlé. Bí ẹni náà bá sì ti lọ, ẹ tètè gba ìwé ẹ̀rí ikú lọ́dọ̀ National Population Commission. Ìwé ìsìnkú tí ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀, bó ti wù kó dán tó, kò lè rọ́pò rẹ̀.

Mo gbọ́ pé àwọn kan ń gbèrò láti ya ère Bàbá sí oríta. Fájuyì ní páàkì nílùú yìí, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, owó ère yẹn á ra bárò tó pọ̀. Bàbá á sì bínú bí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì mọ ère, tí kọ́fáàtì ìsàlẹ̀ kejì sì wà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹnu tó là sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nawọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé kì í ṣe irú iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yìí ló ń jẹ́ kí ìjọba sùn? Iṣẹ́ káńsù ni gọ́tà." Àwọn àgbà kan fẹ́ dá a lóhùn gbígbóná, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí òótọ́ ló sọ. Ó wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní àfikún kẹrin, pé títún gọ́tà ṣe àti kíkó ìdọ̀tí wà lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní oṣù Keje 2024 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù tún sọ ọ́ pé kí owó wọn máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Mo ní kó lọ ṣí ẹ̀yìn ìwé orúkọ yẹn. Ohun tí ṣọ́bìrì lè kó ni Bàbá ń kó. Ohun tó bá gba irin àti sìmẹ́ńtì, lẹ́tà ni wọ́n ń kọ. Ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ àti orúkọ ẹni tó gbà á wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tó fi bu lù ú.

Ó ṣí i, ó wò ó pẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ṣé wọ́n máa ń dáhùn ni?" Mo ní nígbà míràn. Kọnkéré tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́tà ló mú un wá, ọdún méjì gbáko ni Bàbá sì fi ń kọ ọ́. Ti kọ́fáàtì kejì ṣì wà nílẹ̀. Ó ní òun á kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan bá òun ka èyí tí Bàbá kọ kẹ́yìn, torí ìkọ̀wé sọ́jà wọn kò ṣe é kà. Akọ̀wé àti òun ti jókòó sídìí rẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀.